Ẹgbẹ́ wa já wálẹ̀ ní líìgì: kí la máa ṣe kí owó má baà tú wa ká?

Akọ̀wéPápá
Ẹ kú àṣálẹ́ o, ẹ̀yin ará Ìkòròdú àti gbogbo ẹni tó fẹ́ràn bọ́ọ̀lù níbí. Èmi ni akọ̀wé ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan nílùú yìí. Mi ò ní dárúkọ ẹgbẹ́ náà torí ọ̀rọ̀ owó àwọn ọmọ ọlọ́mọ ló wà nínú rẹ̀. Sáà tó parí yìí la já wálẹ̀ sí ìpele tó wà lábẹ́ tiwa, ó sì dùn wá wọ eegun. Ohun tó gbé mi wá síbí ni ti owó.

Onígbọ̀wọ́ wa ti kọ lẹ́tà pé ìdajì ohun tí òun ń mú wá tẹ́lẹ̀ lòun á máa mú wá báyìí. Bẹ́ẹ̀ ló wà nínú ìwé tí a jọ fọwọ́ sí, a ò lè bá a jà. Àwọn agbábọ́ọ̀lù mọ́kànlá ṣì ní àdéhùn sáà kan sí i pẹ̀lú wa, owó oṣù ìpele òkè ló sì wà nínú rẹ̀. A jẹ ìyá tó ń se oúnjẹ lówó, a jẹ onímọ́tò, a jẹ onílé tí àwọn ọmọ ń gbé ilé rẹ̀. Owó oṣù méjì wà nílẹ̀ tí a ò tíì san. Alága wa, tí mo bọ̀wọ̀ fún gan-an, ní ká lọ yá owó ní báǹkì kékeré kan, ká ra agbábọ́ọ̀lù mẹ́fà, ká padà gòkè láàárín ọdún kan, ká wá fi ohun tó bá ń wọlé lókè san gbèsè náà. Àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ ní ká tú gbogbo tíìmù ká, ká bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ kéékèèké.

Ìpàdé wa ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá mọ̀ nípa owó, nípa òfin, nípa bọ́ọ̀lù, ẹ bá mi dá sí i. Kí ni ká kọ́kọ́ dì mú?

ỌmọBáǹkìÒgólóńtò
Ẹ kú ìfaradà, Akọ̀wé. Kí ẹ tó gbé ẹsẹ̀ kankan, ẹ kọ gbogbo owó tó ń wọlé àti èyí tó ń jáde sórí ìwé, oṣù kan tẹ̀ lé òmíràn, títí sáà tuntun á fi parí. Ẹ má kọ àpapọ̀ ọdún o. Mo ti rí ẹgbẹ́ tí ìṣirò ọdún rẹ̀ dára lórí ìwé, àmọ́ láàárín sáà kò sí owó epo tí wọ́n máa fi gbé ọkọ̀ lọ síbi ìdíje. Wọn ò dé pápá, wọ́n pàdánù póìǹtì, wọ́n tún san owó ìtanràn lé e. Oṣù tí owó máa gbẹ lẹ ní láti mọ̀ ní báyìí, kó tó dé bá yín.

Èkejì: ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń sọ pé àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà ń já wálẹ̀, wọ́n sì ń dìde. Òótọ́ ni, àmọ́ ẹ wo ohun tí wọ́n fi ń dìde. Premier League ní owó kan tí wọ́n ń pè ní parachute. Ẹ mú ìpín owó tẹlifíṣọ̀n tí gbogbo ẹgbẹ́ máa ń gbà dọ́gbadọ́gba. Ẹgbẹ́ tó já á gba 55% rẹ̀ lọ́dún àkọ́kọ́, 45% lọ́dún kejì, 20% lọ́dún kẹta. Ẹni tó lo sáà kan ṣoṣo lókè kó tó já kì í rí ti ọdún kẹta. Ítálì àti Sípéènì náà ní irú owó bẹ́ẹ̀. Nílẹ̀ tiwa, kò sí. Ẹni tó já kúrò ní NPFL, líìgì tó ga jù nílẹ̀ wa, tàbí ní NNL tó wà lábẹ́ rẹ̀, ohun tó bá wà lápò rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn ló fi ń bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, kí alága má wo Burnley tàbí Leicester kó wá sọ pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn.

Àní pẹ̀lú owó yẹn náà, Sunderland já ní 2017, wọ́n tún já ní 2018 bọ́ sí ìpele kẹta. Àpapọ̀ owó oṣù wọn kò tẹ̀ lé wọn sọ̀kalẹ̀ bó ṣe yẹ. Èyí gan-an ni mo ń bẹ̀rù fún yín: àwọn mọ́kànlá yẹn pẹ̀lú owó oṣù òkè.

ỌmọElland
Ẹ̀gbọ́n Akọ̀wé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú ìtàn Leeds United lọ bá alága. Mo ti ń tẹ̀ lé ẹgbẹ́ yẹn láti ìgbà tí Lucas Radebe ti jẹ́ balógun wọn, gbogbo rẹ̀ ló ṣojú mi.

Ní 2001 wọ́n dé ìpele tó kángun sí àṣekágbá Champions League. Ọdún yẹn náà ni wọ́n yá £60 mílíọ̀nù, wọ́n sì fi owó tíkẹ́ẹ̀tì ọdún 25 tó ń bọ̀ dúró fún un. Ìṣirò wọn ni pé ọdọọdún làwọn á máa gbá Champions League. Wọn ò wọ̀ ọ́ mọ́. Ní 2002 wọ́n ta Rio Ferdinand fún Manchester United ní nǹkan bíi £30 mílíọ̀nù, síbẹ̀ gbèsè ò lọ. Ní 2004 wọ́n já wálẹ̀. Lọ́dún kan náà wọ́n ta pápá Elland Road, wọ́n di ayálégbé nínú ilé ara wọn. Ní 2007 gbèsè sọ wọ́n sí ọwọ́ àwọn alábòójútó, wọ́n yọ póìǹtì 10 lára wọn, wọ́n já bọ́ sí ìpele kẹta. Sáà tó tẹ̀ lé e, àyọkúrò póìǹtì 15 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. 2017 ni wọ́n tó ra pápá wọn padà. 2020 ni wọ́n tó padà sí Premier League, ọdún mẹ́rìndínlógún gbáko.

Ẹgbẹ́ ńlá nìyẹn o, tó ní olólùfẹ́ káàkiri ayé. Tí alága bá lọ fi owó sáà tí a ò tíì gbá yá owó, ọ̀nà kan náà ló gbà yẹn.

ỌmọÌmọ̀ta
Mo gbọ́ gbogbo ohun tí ẹ ń sọ, mo sì bọ̀wọ̀ fún un. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká gbọ́ ti alága náà. Bí ẹgbẹ́ bá ṣe ń pẹ́ nísàlẹ̀ ló ṣe ń rù. Onígbọ̀wọ́ á lọ, àwọn èwe tó mọ bọ́ọ̀lù á wá ibòmíràn, àwọn tó ń wá wo eré á dín kù. Shooting Stars já ní 2017, 2021 ni wọ́n tó padà sí NPFL. Ọdún mẹ́rin yẹn ò rọrùn fún Ìbàdàn rárá, ẹgbẹ́ tí ìjọba ìpínlẹ̀ ń gbé owó fún sì ni. Ẹ̀yin tí ẹ ò ní ìjọba lẹ́yìn ńkọ́?

Leicester náà já ní 2023. Wọ́n ta James Maddison fún Tottenham, wọ́n ta Harvey Barnes fún Newcastle, àmọ́ wọ́n di èyí tó pọ̀ mú nínú tíìmù wọn: Vardy, Ndidi tiwa, Iheanacho tiwa. Ọdún kan péré, wọ́n gba ife Championship, ìpele tó wà lábẹ́ Premier League. Ẹni tó bá fẹ́ dìde kíákíá ní láti náwó. Èrò mi nìyẹn.

ỌmọBáǹkìÒgólóńtò
Ọmọ Ìmọ̀ta, ọ̀rọ̀ yín lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Pípẹ́ nísàlẹ̀ ń pani lára, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹni tó ni Leicester: olówó tó ní ilé ìtajà káàkiri pápákọ̀ òfurufú ni. Òfin Gẹ̀ẹ́sì pàápàá fi ààlà sí i: nígbà náà, fún sáà kọ̀ọ̀kan ní Premier League, àdánù tí wọ́n gbà láàyè jẹ́ £35 mílíọ̀nù, tí ẹgbẹ́ bá wà ní Championship, £13 mílíọ̀nù ni. Ẹ sì parí ìtàn náà fún wa: Leicester tún já ní 2025. Lọ́dún yẹn Ndidi gbéra lọ sí Beşiktaş.

Owó báǹkì kékeré kì í ṣe owó olówó tó lè fi mú sùúrù. Oṣooṣù ni èlé rẹ̀ ń gorí. Ìbéèrè tí ẹ máa bi alága ni pé: ta ló máa fọwọ́ sí i? Ilé ta ni wọ́n máa fi dúró? Tó bá jẹ́ pé ilé tirẹ̀ ni, ẹ bẹ̀ ẹ́ gidigidi kó má ṣe é. Tí ẹ bá gbọ́dọ̀ yá owó rárá, ẹ yá a lọ́wọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ fúnra wọn láìsí èlé, tàbí nínú kọ́pùrétíìfù tí ẹ ti ń dáwó sí, kó sì má kọjá owó tí ẹnìkan ti fọwọ́ sí ìwé pé òun máa san fún yín. Owó tí ẹ kàn ń retí, ẹ má yá owó lé e.

Àfikún kan, kó má di pé mo gbàgbé: ẹ ní àkáǹtì méjì. Ọ̀kan fún owó tó ń wọlé wọ̀tìwọ̀tì, ìkejì fún owó oṣù nìkan, kí ẹnì méjì máa fọwọ́ sí i kó tó jáde. Ọjọ́ tí owó onígbọ̀wọ́ bá wọlé ni kí ẹ gbé ti oṣù mẹ́ta sínú ìkejì yẹn.

Lọ́yàÌtamágà
Ẹ kú iṣẹ́ o, Akọ̀wé. Ohun tó kọ́kọ́ gbá mi láyà nínú ọ̀rọ̀ yín ni owó oṣù méjì tó wà nílẹ̀. Ẹ ti dé etí odò. Òfin FIFA lórí ipò agbábọ́ọ̀lù sọ pé tí ẹgbẹ́ bá jẹ agbábọ́ọ̀lù lówó oṣù méjì, tí agbábọ́ọ̀lù náà kọ̀wé fún ẹgbẹ́, tó fún ẹgbẹ́ ní ó kéré tán ọjọ́ 15 láti san án, tí ẹgbẹ́ ò san án, agbábọ́ọ̀lù náà ní ẹ̀tọ́ láti já àdéhùn náà kó máa lọ, kó sì tún béèrè owó ìtanràn. Èyí tó dára jù nínú àwọn mọ́kànlá yẹn lè lọ mọ́ yín lọ́wọ́ lọ́fẹ̀ẹ́, gbèsè rẹ̀ á sì wà lọ́rùn yín. Nítorí náà, kí ẹ tó ronú kan ẹnikẹ́ni tí ẹ máa rà, ẹ wá ọ̀nà san ó kéré tán oṣù kan nínú méjì yẹn.

Ohun kejì: ẹ má ṣe dín owó oṣù ẹnikẹ́ni kù fúnra yín. Mo mọ̀ pé àwọn alága kan máa ń sọ pé “a ti já, gbogbo yín á gba ìdajì.” Àdéhùn tí ẹni méjì fọwọ́ sí, ẹnìkan ò lè dá yí i. Ní England, gbólóhùn nípa jíjá wálẹ̀ máa ń wà nínú àdéhùn láti ọjọ́ tí wọ́n ti fọwọ́ sí i: tí ẹgbẹ́ bá já, owó oṣù á dín kù ní ìwọ̀n báyìí, kò sì ṣọ̀wọ́n kó dé ìdajì. Ẹgbẹ́ tí kò bá kọ ọ́ síbẹ̀ ló máa ń jẹ ìyà rẹ̀. Jack Rodwell ní Sunderland kò ní irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ nínú àdéhùn tirẹ̀, owó Premier League ló ń gbà nígbà tí ẹgbẹ́ náà ti wà ní Championship.

Ẹ tún ṣọ́ ẹ̀gbẹ́ kejì gbólóhùn náà. Nígbà tí Leeds já ní 2023, àwọn agbábọ́ọ̀lù kan ní in lọ́wọ́ pé tí ẹgbẹ́ bá já, àwọn lè lọ sí ibòmíràn ní àyálò. Brenden Aaronson lọ sí Union Berlin, Rasmus Kristensen lọ sí Roma, Diego Llorente náà padà sí Roma tó ti wà ní àyálò tẹ́lẹ̀. Leeds ò lè dá wọn dúró. Owó oṣù wọn kúrò lọ́rùn ẹgbẹ́ lóòótọ́, àmọ́ agbábọ́ọ̀lù tí wọ́n ná owó ńlá lé lórí kò sí nílé mọ́ láti ràn wọ́n lọ́wọ́.

Ní tiyín, ọ̀nà mẹ́ta ló wà fún àwọn mọ́kànlá náà, ẹ sì ní láti jókòó pẹ̀lú wọn lẹ́nìkọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá gbà kí owó rẹ̀ dín kù, ẹ fi ohun kan dípò rẹ̀: ẹ fa àdéhùn rẹ̀ gùn, tàbí kí ẹ ṣèlérí bónọ́ọ̀sì tí ẹ bá gòkè, kó wà lákọsílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ìpele òkè, ẹ yá a fún ẹgbẹ́ tó máa san owó oṣù rẹ̀. Southampton ra Paul Onuachu ní oṣù kìíní 2023, wọ́n já ní oṣù karùn-ún, kò pẹ́ tó fi lọ sí Trabzonspor ní àyálò. Ẹni tí kò bá sí nínú ètò kóòṣì, ẹ jọ fòpin sí àdéhùn náà, ẹ san iye tí ẹ jọ gbà, kó kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun ò ní ohun kankan láti béèrè mọ́. Kí gbogbo rẹ̀ ní ẹlẹ́rìí.

ÌyáOlóúnjẹẸ̀bùté
Akọ̀wé, ọmọ mi, ẹ kú làálàá. Èmi náà ń se oúnjẹ fún àwọn agbábọ́ọ̀lù, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà nínú àwa tí ẹ jẹ lówó.

Ẹ má sá fún wa. Ìgbà tí fóònù akọ̀wé bá ti ń dún tí kò gbé e ni inú ń bí wa. Ẹ pe ìyá yẹn, ẹ jókòó tì í, ẹ san díẹ̀ lé e lọ́jọ́ náà, kí ẹ sì sọ ọjọ́ tí ìyókù máa wọlé. Ọjọ́ tí ẹ bá dá, ẹ mú un ṣẹ, bó ti wù kó kéré mọ. Ohun tí mo fi ń sọ èyí ni pé owó báǹkì lè dúró de lẹ́tà, onílé lè fara dà á fún oṣù kan. Owó tèmi ni mo fi ń lọ sọ́jà lọ́la. Tí ẹ bá dá a dúró, n kò ní ohun tí n ó fi se oúnjẹ fún àwọn ọmọ yín kan náà. Ẹ kọ́kọ́ san ti àwọn kéékèèké.

Nípa oúnjẹ: ẹ má ra á ní àwo-àwo mọ́. Ẹ fún alásè ní owó ọjà, ẹ sì san owó iṣẹ́ rẹ̀ lọ́tọ̀. Àpò ìrẹsì, kẹ́ẹ̀gì òróró, gààrí ní àpò láti Sábó, ẹja láàárọ̀ kùtùkùtù ní etí omi níbí. Ẹni tó bá ní ìwé tó ń kọ ohun tó wọlé àti ohun tó lò á rí ìyàtọ̀ rẹ̀ lóṣù àkọ́kọ́. Àwọn ọmọ tó jẹ́ ti Ìgbógbó, Ìjẹ̀dé, Agric àti Ọ̀wùtù, kí ni wọ́n ń ṣe nínú ilé tí ẹ ń san owó rẹ̀? Kí wọ́n máa sùn nílé ìyá wọn, kí ẹ fún wọn ní owó ọkọ̀ àti oúnjẹ lẹ́yìn ìdánrawò. Ẹni tó wá láti ọ̀nà jíjìn nìkan ni kó wà nínú ilé. Ẹ lè rí i pé ilé kékeré ti tó.

Ẹ tún jẹ́ kí àwa olóúnjẹ gbé ìsọ̀ wá sí pápá lọ́jọ́ eré. Ẹ gba owó táṣẹ́rẹ́ lọ́wọ́ wa. Àwa á pa owó, ẹ̀yin náà á rí díẹ̀.

Akọ̀wéPápá
Mà, ẹ ṣeun gan-an. Ọ̀rọ̀ ilé yẹn, a ò ronú kàn án rárá, bẹ́ẹ̀ ìdajì wọn ló jẹ́ ọmọ ìlú. Lọ́yà, ẹ ṣeun. Mo ti ránṣẹ́ sí alága nípa ọjọ́ 15 yẹn, ó ti pè mí padà ní àárọ̀ yìí, ohùn rẹ̀ ti yàtọ̀.

Ìbéèrè kan: ta ni ká di mú gan-an nínú àwọn agbábọ́ọ̀lù? Mẹ́rin nínú wọn ló ń gbé ìdajì owó oṣù lọ.

KóòṣìÌgbógbó
Ẹ̀gbọ́n, ìbéèrè tó yẹ kẹ́ ẹ bi kóòṣì yín nìyẹn kẹ́ ẹ tó bi wá, kẹ́ ẹ sì kọ́kọ́ bi ara yín bóyá kóòṣì náà á dúró. Tí ó bá mọ iṣẹ́, ẹ má lé e torí pé ẹ já. Burnley já ní 2015. Danny Ings lọ sí Liverpool, Kieran Trippier lọ sí Tottenham, àmọ́ wọn ò lé Sean Dyche. 2016 wọ́n ti padà. Yíyí kóòṣì padà náà ń náni lówó: owó tí ẹ máa san fún èyí tó ń lọ, owó tí ẹ máa san fún èyí tó ń bọ̀, àti àwọn agbábọ́ọ̀lù tuntun tí èyí tó ń bọ̀ máa béèrè fún.

Nínú tíìmù, ẹ di àárín mú láti ẹ̀yìn dé iwájú: golí kan, dìfẹ́ńsì àárín kan, ẹnìkan ní àárín pápá, agbábọ́ọ̀lù-sáwọ̀n kan. Àwọn yòókù, ẹ wá wọn láàárín àwọn ọmọ ọdún 17 sí 20 tó wà ní pápá yín. Bọ́ọ̀lù ìpele ìsàlẹ̀ le, ilẹ̀ rẹ̀ kò tẹ́jú, eré náà sì máa ń gba ara líle. Agbábọ́ọ̀lù tó ní orúkọ ńlá tó ń gbowó ńlá kì í fẹ́ lọ gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀. Mo ti rí i kí wọ́n máa ní ìpalára lóṣooṣù. Nínú mẹ́rin yẹn, ẹ ta ẹni tí ọjà rẹ̀ ṣì wà lónìí, ẹ má dúró títí ọdún á fi kọjá lórí rẹ̀. Emmanuel Dennis ju bọ́ọ̀lù 10 sáwọ̀n fún Watford ní sáà tí wọ́n já ní 2022, oṣù kẹjọ ọdún yẹn ni wọ́n tà á fún Nottingham Forest, nígbà tí gbogbo èèyàn ṣì ń rántí àwọn góòlù rẹ̀.

Àmọ́ kí ẹ má ta gbogbo wọn. Ẹgbẹ́ tó bá ta gbogbo wọn máa ń tún já.

Nọ́ńbà5Tẹ́lẹ̀rí
Mo gbá bọ́ọ̀lù fún ọdún púpọ̀, mo wà nínú ẹgbẹ́ tó já wálẹ̀ rí. Ohun kan ni mo fẹ́ fi kún un. Ẹ pe àwọn ọmọ jọ, ẹ fi ìwé owó hàn wọ́n. Ẹ sọ fún wọn pé báyìí ló wọlé, báyìí la jẹ, báyìí la lè san. Nígbà tiwa, ohun tó bà wá lọ́kàn jẹ́ ju owó tí kò wọlé lọ ni pé lójoojúmọ́ ni wọ́n ń sọ fún wa pé “ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.” Ọmọ tó ti bímọ, tó ń san owó ilé, ó ní ohun tó ń gbèrò pẹ̀lú ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ yẹn. Tí ẹ bá sọ fún un pé oṣù yìí ò ní ṣeé ṣe, á lọ wá iṣẹ́ òwúrọ̀ kan ṣe, á sì padà wá sí ìdánrawò nírọ̀lẹ́. Ẹ yí àkókò ìdánrawò padà sí ìrọ̀lẹ́ tó bá ṣeé ṣe, kí wọ́n lè ní iṣẹ́ ọwọ́.

Olùtọ́júÈweÌjẹ̀dé
Akọ̀wé, ẹ gbọ́ o, owó wà níbì kan tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ àdúgbò kì í wò. Gbogbo ọmọ tó ti gba ọwọ́ yín kọjá láti ọdún 12, ẹ ní ìwé ìforúkọsílẹ̀ wọn bí?

Òfin FIFA ni pé nígbà tí wọ́n bá ta agbábọ́ọ̀lù láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn kí àdéhùn rẹ̀ tó parí, 5% owó náà gbọ́dọ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn ẹgbẹ́ tó tọ́ ọ dàgbà láti ọdún 12 sí 23. Ọdún kọ̀ọ̀kan láàárín 12 sí 15 jẹ́ 0.25%, ọdún kọ̀ọ̀kan láàárín 16 sí 23 jẹ́ 0.5%. Ẹ jẹ́ ká fi Osimhen ṣe ìṣirò. Galatasaray san €75 mílíọ̀nù fún Napoli ní 2025. Ọdún kan ṣoṣo tí ẹgbẹ́ kan bá fi tọ́jú ọmọ bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn tó pé 16, 0.5% owó yẹn jẹ́ €375,000. Ó lè gbọ́ bùkátà ẹgbẹ́ bíi tiyín fún ọ̀pọ̀ sáà. Owó mìíràn tún wà, owó ìdánilẹ́kọ̀ọ́, tí wọ́n ń san nígbà tí ọmọ bá kọ́kọ́ fọwọ́ sí àdéhùn gẹ́gẹ́ bí agbábọ́ọ̀lù olówó oṣù nílẹ̀ òkèèrè.

Láti oṣù kọkànlá 2022, FIFA ti ní ilé-iṣẹ́ kan ní Paris tí owó yìí ń gbà kọjá, ìwé ìforúkọsílẹ̀ ọmọ náà lọ́dọ̀ àjọ bọ́ọ̀lù orílẹ̀-èdè rẹ̀ ni wọ́n sì ń wò. Ọmọ tí ẹ kò forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, ẹ kò tọ́ ọ lójú wọn. Ẹ lọ ṣí àpótí ìwé yín. Ẹ kọ orúkọ gbogbo ọmọ tó ti lọ sókè òkun, sáà tó lò lọ́dọ̀ yín, ẹgbẹ́ tó wà báyìí. Tí ẹ bá sì ta ẹnìkan lọ́dún yìí nítorí owó tó ń dùn yín, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé pé ẹ máa gba ìdá kan nínú owó tí wọ́n bá tún tà á. Àwọn ẹgbẹ́ tó ń rà lọ́wọ́ ẹni tó já wálẹ̀ mọ̀ pé ó kánjú, wọ́n á fẹ́ dín owó kù. Ìdá yẹn lẹ máa fi gba tiyín padà lọ́jọ́ iwájú.

OníṣòwòOdògúnyàn
Lórí onígbọ̀wọ́: ẹ má wá ẹni ńlá kan ṣoṣo mọ́. Ẹ wá kéékèèké mẹ́wàá. Oníbúrẹ́dì, oníléepo, ilé ìwòsàn, ilé ìwé, onítáyà, ẹ fi orúkọ wọn sára jẹ́sì ìdánrawò, sára ògiri pápá, sórí ojú ìwé ẹgbẹ́ ní Facebook. Ẹnìkan tó bá lọ nínú mẹ́wàá kò lè ṣe yín ní ohun tí èyí ṣe yín. Ilé-iṣẹ́ pọ̀ ní Odògúnyàn, ṣùgbọ́n ẹ má kàn gbé lẹ́tà dé ẹnu géètì. Ẹ pe ọ̀gá àwọn òṣìṣẹ́ wọn wá wo eré kan, ẹ fún àwọn òṣìṣẹ́ ní ìjókòó. Àwọn ọmọ ìlú tó wà lẹ́yìn odi náà, ẹ bá wọn sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ìwé ìṣirò lọ́wọ́.

ỌmọElland
Ohun kan tó dáa tún wà nínú jíjá yìí tí ẹnikẹ́ni ò tíì sọ. Ikorodu City tó gòkè sí NPFL ní 2024, Oníkan ni wọ́n ti ń gbàlejò, ní pápá Mobolaji Johnson. Ẹni tó fẹ́ wò wọ́n láti ọ̀dọ̀ wa á wọ ọkọ̀ tàbí kó gba ojú omi. Ní ìpele tí ẹ bọ́ sí yìí, tí líìgì bá gbà fún yín, ẹ lè gbá bọ́ọ̀lù níbí, ní ìlú. Owó ọkọ̀ dín kù fún yín, ó dín kù fún àwa tó ń wò yín. Remo Stars tó wà ní Ìkẹ́nnẹ́, tí kò jìnnà sí wa, já ní 2017. Pápá tiwọn wà ní ìlú wọn, wọ́n ní àwọn ọmọ tí wọ́n ń tọ́. Wọ́n gòkè ní 2021, ní 2025 wọ́n gba ife NPFL. Mo mọ̀ pé Kunle Soname tó ni ẹgbẹ́ náà lówó, àmọ́ ó ti lo ọ̀pọ̀ ọdún lórí rẹ̀.

ỌmọÌmọ̀ta
Mo gbà pẹ̀lú yín lórí báǹkì kékeré. Ibi tí mo ṣì dúró sí ni pé kí ẹ yan sáà tí ẹ fẹ́ fi gòkè, kí ẹ sọ ọ́ fún àwọn olólùfẹ́. Tí ẹ bá sọ pé ọdún méjì, á rọrùn fún wa láti dáwó. Èmi á kọ́kọ́ dá.

Akọ̀wéPápá
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. A ti ṣe ìpàdé. Alága kọ́kọ́ ka ìtàn Leeds yẹn fún gbogbo ilé, òun fúnra rẹ̀ ló kà á. A ò ní yá owó báǹkì. Àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ dáwó láìsí èlé láti san oṣù kan nínú owó oṣù méjì àti gbogbo ti ìyá olóúnjẹ, ìyókù wà lákọsílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀. Àwọn ọmọ ìlú á máa lọ sùn nílé. Kóòṣì dúró. A máa ta ẹnìkan nínú àwọn mẹ́rin yẹn, pẹ̀lú ìdá ìtàtúntà nínú ìwé, a sì ti kéde fún àwọn olólùfẹ́ pé ọdún méjì la fi ń wá ọ̀nà òkè.

Lọ́yà, ó ku àwọn méje tí wọ́n gbà kí owó wọn dín kù. Ṣé a lè kàn kọ ọ́ sí ẹ̀yìn àdéhùn àtijọ́?

Lọ́yàÌtamágà
Ẹ má kọ ọ́ sí ẹ̀yìn. Ẹ kọ àfikún àdéhùn tuntun fún ẹnìkọ̀ọ̀kan, kó ní ọjọ́, iye tuntun, bónọ́ọ̀sì ìgòkè, àti bí gbèsè àtijọ́ ṣe máa di sísan. Kí ọmọ náà mú òbí tàbí ẹlòmíràn wá tó lè kà á fún un. Ẹ̀dà kan ní ọwọ́ rẹ̀, ọ̀kan ní ọwọ́ yín, ọ̀kan lọ sọ́dọ̀ àwọn alákòóso líìgì yín kí ìforúkọsílẹ̀ tó parí. Ẹ kó gbogbo àdéhùn àtijọ́ àti rìsíìtì owó oṣù wá sí ọ́fíìsì mi lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo máa bá yín wò ó láìgba owó. Ojúlówó ni kí ẹ mú wá o, kì í ṣe ẹ̀dà.